Pákó Tí Bàbá Mi Tẹ́ Sẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tó bá ti rí ènìyàn tó ń kọjá lọ láìgbé ẹsẹ̀ rí, kó sún mọ́ mi ká jọ sọ ọ́. Èmi rí i. Ọdún kẹta tí wọ́n pa orúkọ Bathurst rẹ́, tí wọ́n ní ká máa pe ìlú náà ní Banjul, ni. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Mo ru abọ́ tánganran méjìlá, mo ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Soldier Town. Ni ọkùnrin kan bá yọ láti ìsàlẹ̀ títì ọlọ́dà. Ó dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo oko rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì rárá. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀! Ó ń sáré bọ̀ wá bá mi!

"Súbúhánà Lọ́hù!"

Orí ni mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá mú, mo gbàgbé pé ẹrù wà níbẹ̀. Abọ́ méjìlá fọ́n ká sójú títì, wọ́n ń yí, wọ́n ń dún, ewúrẹ́ sá, ọmọdé sá. Ọkùnrin náà fò bọ́ sílẹ̀ láti orí ohun tó gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé abọ́ kiri.

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ṣé kò bá yín lẹ́sẹ̀?"

Yorùbá ló sọ. Ìyẹn gan-an ló wá já mi láyà jù.

"Ṣé ènìyàn ni ọ́ àbí àǹjọ̀nú?"

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ kan gun èkejì díẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti lé ní ogójì ọdún, mo ṣì rántí eyín yẹn bó ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ó gbé nǹkan náà sókè kí n rí i. Pákó pẹlẹbẹ kan báyìí ni, kò gùn ju apá mi lọ, táyà kékeré mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní Wàsíù ni orúkọ òun, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kotu lòun ti ń fọ aṣọ ibùsùn tí òun ń lọ̀ ọ́. Túbàbù kan, bí a ṣe ń pe òyìnbó níbẹ̀ nìyẹn, ló gun pákó náà tó fi ṣubú, apá rẹ̀ sì dá.

"Ó ní òun ò fẹ́ rí i mọ́ láyé. Mo ní kó gbé e fún mi."

"Ohun tó dá apá onínǹkan ni ìwọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Àǹtí, ṣebí apá tirẹ̀ ló dá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi, Yésúfù ará Ọ̀ffà, ni gbogbo Banjul ń pè ní Pa Yésúfù. Abọ́ tánganran ló ń tà. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n Bàbá tó jẹ́ obìnrin, Ìyá Kàfáyàt, ló tọ́ mi dàgbà. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ni Dawda máa ń jókòó; ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń lọ gba sàráà lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ọmọ Wolof ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, arọ sì ni láti kékeré. Òun náà ní pákó tirẹ̀, onítáyà irin mẹ́rin, tó máa ń fi igi pẹlẹbẹ méjì tì lọ nílẹ̀. Ọdún méjìlá tó fi jókòó tì wá ló fi gbọ́ Yorùbá. Èébú ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ọjọ́ Ajé tí Bàbá bá lọ kó ẹrù ní Kanifing ni Wàsíù máa ń wá. Ọ̀dọ̀ Dawda ló ń wá o! Yóò da òróró sí táyà Dawda, wọn yóò jọ máa yẹ pákó ara wọn wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Èmi yóò wà nínú ṣọ́ọ̀bù, n óò máa nu abọ́ kan náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

"Mùtíàt," Dawda á pariwo, "ọmọ Ìsẹ́yìn ní kí n bi ọ́ bóyá o jẹun."

"Sọ fún un pé mo jẹun."

"Ó ní kí lo jẹ?"

"Dawda, ṣé òun ò lẹ́nu ni?"

"Ó lẹ́nu. Ẹ̀rù ló ń bà á. Arìndìn ni."

Ọjọ́ kan ni Wàsíù wá, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní túbàbù obìnrin kan dé sí òtẹ́ẹ̀lì, fíìmù ló ń ṣe. Ó ń gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n, gbogbo àwòrán ń jó bí ẹni tí ibà mú. Wàsíù ní kó gbé kámẹ́rà náà fún òun. Ó gbé e lé èjìká, ó gun pákó, ó sì yí kọjá níwájú òtẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ara mi ò mì, Mùtíàt. Ó wò ó, ó la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní kí n fi aṣọ lílọ̀ sílẹ̀, kí n máa bá òun ṣiṣẹ́."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Iṣẹ́ wo ni ìyẹn? Kí ni n óò sọ fún Bàbá? Pé ọkọ mi ń gun pákó?

Nígbà tó yá, ó rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Kazeem, láti wá tọrọ mi. Bàbá gba obì, ó gbé e sí apá kan. Ó ní àwọn máa wádìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ló rán Ìyá Kàfáyàt jáde.

Kò pẹ́ tó fi dé. Gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Yésúfù, jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Tún jókòó. Arọ ni!"

"Ta ni?"

"Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa! Ojú mi kò tàn mí. Mo bi ẹlẹ́ja kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà pé ta ní ń jẹ́ Wàsíù, ó nawọ́ sí i. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, lórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dawda. N kò rí ẹsẹ̀ kankan. Ó di àpò ìrẹsì kan mọ́ àyà. Àánú ṣe mí, mo fún un ní sàráà."

"Ó gbà á?"

"Ó gbà á, ó tẹrí ba. Kò lè sọ̀rọ̀."

"Kò lè sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Bóyá ó yadi pẹ̀lú."

Ẹ̀yìn aṣọ tí a ta sẹ́nu ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo di ẹnu mi mú. Mo mọ̀ pé Wàsíù ń ya àwòrán lọ́jà láwọn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Òun ló bẹ túbàbù obìnrin náà pé kó jẹ́ kí òun ya ọjà bí Dawda ṣe ń rí i, láti ìsàlẹ̀. Dawda ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ìdí. Kámẹ́rà ló wà nínú àpò ìrẹsì, wọ́n lu ihò fún ojú rẹ̀, kí àwọn ọlọ́jà má baà máa wò ó. Bí kámẹ́rà bá sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó má mira. Àti pé ọmọ tí a kọ́ nílé, bí àgbà bá nawọ́ ẹ̀bùn sí i, ṣé á dá a padà ni?

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò jáde kí n sọ̀rọ̀. Kí n sọ kí ni? Nígbà náà, ọmọbìnrin ilé àwa kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ títí bàbá yóò fi mú un hàn án. Bí mo bá ní ó ní ẹsẹ̀, wọn yóò bi mí pé, "Níbo lo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀?" Mo dákẹ́.

Bàbá kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí. Mo rò pé yóò ní òun ti dá obì padà.

"Mùtíàt, ọkùnrin kan wá tọrọ rẹ. Arọ ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń fún arọ ní sàráà. Bí mo bá lè fún un lówó, tí n kò lè fún un lọ́mọ, kí ni mo ń kírun fún? Ṣé wàá lè fẹ́ ẹ?"

Ẹnu yà mí. Bàbá mi, tó máa ń kọ ọmọ ènìyàn nítorí pé bàtà rẹ̀ dọ̀tí!

"Mo lè fẹ́ ẹ, Bàbá."

Ló bá bú sẹ́kún. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà pé irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ìtìjú fẹ́ pa mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Yorùbá Banjul ti gbọ́. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde: "Yésúfù, àlùjánnà tìrẹ ti dájú." Nígbà tí Bàbá Kazeem dé, Bàbá sọ fún un pé, "Mo ti gbọ́ ipò tí ọmọ yín wà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí Ọlọ́run." Bàbá Kazeem rò pé aṣọ tí Wàsíù ń fọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń sọ, ó dúpẹ́ títí.

Mo sáré bá Dawda, nítorí Wàsíù kò wá mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tọrọ mi. Mo ní kó lọ sọ fún Wàsíù, kó wá tú ọ̀rọ̀ náà kó tó di ọjọ́ ìdáná. Dawda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán, omi kò tán.

"N kò ní sọ fún un."

"Dawda!"

"Mùtíàt, mo ti pé ogójì ọdún. Kò sí ẹni tó tíì fi ọmọ rẹ̀ dù mí rí, nítorí mi ò dá a láṣà láti tọrọ. Jẹ́ kí n fi ojú mi rí ọkùnrin kan tó fún arọ lọ́mọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe. Jẹ́ kí n rí i."

Mo padà sílé.

Ọjọ́ ìdáná pé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Bàbá gbé pákó gígùn kan, òun fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn náà kí ọkọ ìyàwó lè yí gòkè. Ó tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Àwọn àgbà jókòó. Èmi wà ní yàrá, mo ń wo ihò kọ́kọ́rọ́.

Wàsíù dé nínú aṣọ funfun. Kò wo pákó. Ó fo àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Àwọn àgbà wo pákó, wọ́n tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta nìyí?" Bàbá bi Bàbá Kazeem.

"Ọmọ wa ni, ọkọ ìyàwó."

"Mo ní níbo ni ọkọ ìyàwó wà?"

"Èmi ni, sà," Wàsíù wí láti ilẹ̀.

Ìyá Kàfáyàt dìde, ó lọ tẹ̀ ẹ́ lórúnkún bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò. Ó ké. "Ẹsẹ̀ ni! Yésúfù, ẹsẹ̀ gidi ni, méjèèjì!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹni méjì. Kò pẹ́, gbogbo àwọn tó ti ń pe Bàbá ní ọmọ àlùjánnà ti di ikùn mú. Ojú Bàbá dúdú.

"Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ pé lo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ arọ tí o gba sàráà ẹ̀gbọ́n mi? Ohun tí Ọlọ́run fún ọ lo ká sábẹ́ ìdí?"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Iṣẹ́ ni. Fíìmù ni mò ń…"

"Mi ò fún ẹlẹ́tàn lọ́mọ! Arọ ni mo fún!"

Ìgbà náà ni a gbọ́ táyà irin. Kír-kír-kír. Dawda ló ń gun pákó orí àtẹ̀gùn yẹn bọ̀. Ọdún méjìlá ló fi jókòó tì wá, kò wọ ilé wa rí, nítorí àtẹ̀gùn. Ó yí dé àárín àwọn àgbà, ó ń làágùn.

"Pa Yésúfù, ẹ ṣé fún pákó yìí. Bó bá jẹ́ arọ lẹ fún lọ́mọ, èmi ti dé."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

"Àbí ẹsẹ̀ tèmi kò rọ tó? Ọdún méjìlá, Pa. Kí ló dé tó jẹ́ òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pákó?"

Bàbá gbé igbá obì, ó gbé e lé Bàbá Kazeem lọ́wọ́, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí túbàbù obìnrin náà mú Wàsíù lọ sí Dakar, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù tí wọ́n sì ń so ó pọ̀. Dawda ló gbé iṣẹ́ tó rán wá bá mi: "Ó ní kí o dúró de òun. Ó ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ fi han Pa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu." Mo dúró. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Bàbá ti rí ọmọ oníṣòwò kan ní Basse lókè odò, ó ní bí ààwẹ̀ bá ti tán, wọn yóò so yìgì wa. Mo máa ń rò ó lórí ẹní pé bóyá Bàbá ló tọ̀nà. Ọkùnrin tó lè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́, kí ni kò lè ká pamọ́ fún mi? Tí mo bá wá rántí eyín yẹn, ọkàn mi á tún yí padà.

Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta kó tán nígbà tí Wàsíù dé. Kò wá bá mi. Ìyá Kàfáyàt ló lọ bá, ó dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jà, ó ní, "Ìyá, ẹ wà nínú fíìmù mi." Ó tán! Ta ló fẹ́ dá Ìyá Kàfáyàt dúró? Ó dé bá Bàbá: "Yésúfù, o ò ní jẹ́ kí n kú láìrí ara mi lára ògiri. Sinimá yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù yìí la ó ti wò ó. Bí o kò bá fẹ́ wò ó, kọ ẹ̀yìn sí i."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ooru mú. Wàsíù fi aṣọ ibùsùn funfun kan bo àwọn abọ́ tánganran tí a tò sórí pẹpẹ. Ó wo ojú mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó tan ẹ̀rọ.

Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ ènìyàn, ńlá bí igi. Bàtà, etí aṣọ, agbọ̀n ẹja tó tóbi bí ilé. Ajá kan wá, ojú rẹ̀ ko tiwa. Èmi tí mo ti ń lọ ọjà yẹn láti kékeré, n kò mọ ibẹ̀ mọ́. Lójijì, ojú Ìyá Kàfáyàt bo gbogbo aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ojú wa tààrà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rọra fi sàráà sílẹ̀.

"Áà! Èmi nìyí! Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ sunkún nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le!" Ó gbá Wàsíù létí, ó tún dì mọ́ ọn.

Aṣọ náà ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀. Bùbá ọkùnrin kan ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń lọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan nà sísàlẹ̀, ó ju owó. Ojú ẹni náà wà lókè lọ́hùn-ún, ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn: bùbá mìíràn, ọwọ́ kan náà. Ojú yí sí ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta. Ìkẹrin. Owó náà bọ́ sínú yanrìn, ọwọ́ Dawda ń wá a kiri láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, bàbá mi ti lọ.

Ẹ̀rọ kú. Kò sẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn.

"Tún un ṣe," Bàbá wí.

Wàsíù tún un ṣe. Èmi kò wo aṣọ mọ́, Bàbá ni mò ń wò. Ó la ẹnu bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ṣé ìwọ Wàsíù náà wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà. Ẹgbẹ́ Dawda ni mo wà."

"N kò sì rí ọ."

Bàbá yíjú sí Dawda lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Dawda, báwo ni ojú mi ṣe rí?"

Dawda gbé ojú sókè. "Àgbọ̀n yín ni mo mọ̀, Pa. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú yín ni n kò mọ̀."

Bàbá dìde lórí àga. Orúnkún rẹ̀ máa ń dùn ún nígbà náà. Ó di pẹpẹ mú, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, egungun rẹ̀ ń dún, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó Dawda. Abọ́ kan bọ́ lé e léjìká, kò mọ̀. Ó wo Dawda lójú, Dawda náà wò ó. N kò rí irú rẹ̀ rí. Wàsíù ti dọ̀bálẹ̀, bí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wá wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

"Mùtíàt," Bàbá pè mí. "Gbé obì wá. Gbé e wá síbí. Ilẹ̀ la wà."

Ọmọ oníṣòwò Basse fẹ́ ẹlòmíràn. Wàsíù ṣe fíìmù káàkiri títí irun rẹ̀ fi funfun. Ibikíbi tó bá dé, kò ní gbé kámẹ́rà sókè bí kò bá tíì kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó wò yí ká. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Pákó ẹnu ọ̀nà wa ńkọ́? Bàbá fi ìṣó kàn án mọ́ àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí wọ́n ń mú mi relé ọkọ, orí rẹ̀ ni mo gbà sọ̀ kalẹ̀, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Dawda ló sì ń yí lọ níwájú mi, lórí táyà rọ́bà mẹ́rin tí ọkọ mi tú lára pákó túbàbù fún un, ó ń fi èébú Yorùbá lé àwọn ènìyàn kúrò lọ́nà.